Mo Ta Ọwọ́ Àlímátù ní Ìtòkú

Kí ẹ tó ka ìtàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo aṣọ tó wà lára yín. Bó bá jẹ́ àdìrẹ tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé wà káàkiri ara rẹ̀, ẹ ka ìka ọwọ́ náà. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, èmi ni mo tà á fún yín. Bó bá jẹ́ márùn-ún, èmi náà ni mo fà á.

Ẹ má wulẹ̀ bọ́ ọ. Ẹ ti sanwó rẹ̀.

Bùsírátù lorúkọ mi. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ, l'Ábẹ́òkúta níbí. Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo sì yege nínú gbogbo rẹ̀, àfi Ìṣirò tí òun àti èmi kì í kí ara wa.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà, nínú agboolé wọn n'Ígbẹ̀ìn. Gbogbo ayé ń pè é ní Ìyá Àlímátù. Èmi ń pè é ní Màámi. Àlímátù yìí ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ó sì kú ní ọmọ ọdún méje. Mo fi díẹ̀ jù ú lọ. Orí ẹní kan náà la jọ ń sùn. Ọmọ tí kì í fẹ́ wọlé láti ibi eré ni. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, Màámi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa pè é, títí á fi lè sọ fún wa pé, "Ó ti wọlé," ká tó ti ilẹ̀kùn.

Ìka mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún Àlímátù. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, kékeré kan báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín. Àwọn àgbà ilé ní kí Màámi fi òwú so ó títí á fi já, bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn ọmọ mìíràn.

Màámi ní, "Ẹni tó fún mi ò sọ pé òun ṣì í kà."

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ niṣẹ́ Màámi. Á ro ẹ̀kọ láfún, á fi ìyẹ́ adìyẹ ya iṣẹ́ sára aṣọ funfun, á wá rì í sínú aró ẹlú. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú un. Ibẹ̀ ló máa ń funfun. Lọ́jọ́ kan, Àlímátù ki ọwọ́ bọ ẹ̀kọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ tí ìyá rẹ̀ ń yà lọ́wọ́. Èmi ti ń retí ìgbátí. Màámi kàn wo ọwọ́ náà, ó ní, "Tún un tẹ̀." Ọmọ tẹ ọwọ́ káàkiri aṣọ, ìyá ya ewé àti ẹyẹ yí wọn ká.

Wọ́n ti ní àwọn máa ya fótò àkọ́kọ́ fún Àlímátù tí Iléyá bá dé. Ibà ṣáájú Iléyá dé. Kò sí fótò. Aṣọ yẹn ni fótò.

Màámi ò tà á, kò sì ró o. Inú àpótí páànù ló wà, òun àti káńfọ̀. Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, a máa ń sá a sábẹ́ òjìji kó gba afẹ́fẹ́.

Èmi ni mo ń bá Màámi ta àwọn àdìrẹ tó kù. A ń jẹ, a ń mu. Ìgbà tó yá, Ṣáínà dé.

Kì í ṣe pé wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ Ìtòkú o. Aṣọ wọn ló dé. Àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀, tó ń dán, tí kì í rùn bí aró. Kí Màámi tó ya ẹyọ kan tán n'Ígbẹ̀ìn, ẹ̀rọ wọn á ti tẹ èyí tó máa bo àpáta Olúmọ mọ́lẹ̀. Mojí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tèmi, ló kọ́kọ́ kó o. Oníbàárà á wá bá mi, á fọwọ́ pa aṣọ Màámi, á gbọ́ iye tí mo ń tà á, á ní òun ń bọ̀. Títì ló máa sọdá.

Mojí á wá nahùn láti ọ̀ọ́kán. "Ìyá Ẹlú, oníbàárà rẹ ní kí n bá òun kí ẹ. Ó ní òun ṣì ń bọ̀."

Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an, Ṣáínà ni.

Túbọ̀sún ló ń bá Mojí kó ọjà wá láti ọ̀hún. Ó gbọ́ èdè wọn díẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí díẹ̀ náà sinmi. Lọ́jọ́ kan ó yà sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ lẹ ń tà yìí. Èèyàn kì í fọwọ́ bá ẹ̀rọ jà."

"Kí ni kí n fi bá a jà? Ẹsẹ̀?"

"Ẹ bá a ṣọ̀rẹ́. Fótò lásán ni wọ́n nílò. Ẹ ya fótò aṣọ kan tó dáa fún mi, màá fi ránṣẹ́. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ọjà yín ti dé, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ní in. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ àwọn iṣẹ́ àtijọ́, Olókun tàbí Ìbàdàndùn. Wọ́n ti tẹ gbogbo ìyẹn sú. Èyí tójú ò rí rí ni mo fẹ́."

"Mi ò ní irú ẹ̀."

Ó wò mí. "Ẹ ní in, Ẹ̀gbọ́n. Ojú yín ti sọ."

Mo lé e jáde. Ṣùgbọ́n mo gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kí n tó lé e.

Kò pẹ́ tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Màámi ní, "Bùsí, ó ti tó àsìkò Àlímátù o." A gbé àpótí jáde, a tẹ́ aṣọ náà sórí okùn lábẹ́ igi ọgbà. Bó ti pẹ́ tó, funfun rẹ̀ ṣì funfun. Èèyàn lè rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà.

Màámi fẹ́ lọ kírun alásàrí. "Wò ó dè mí o. Kí adìyẹ má lọ fò sórí ẹ̀."

Mo jókòó tì í. Mo yọ fóònù, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ wo aago. Mo dá a padà. Mo tún yọ ọ́. Mo sọ fún ara mi pé fótò kì í dín nǹkan kù lára aṣọ. Mo ní fún ìrántí ni. Mo ní bí Àlímátù bá wà láyé, kò ní fẹ́ kí ebi pa mí. Ẹ wo bí mo ṣe yára fi ọ̀rọ̀ sí òkú lẹ́nu.

Mo ń rí Màámi láti ojú fèrèsé yàrá. Ìgbà tó foríkanlẹ̀ ni mo ya fótò náà.

Ó jáde, ó ń nu iwájú orí rẹ̀. Ó wo aṣọ, ó wò mí. "O ṣeun, ọmọ mi. Ìwọ nìkan ni mo lè fi í sílẹ̀ fún."

Lóòótọ́ ni, adìyẹ kankan ò fò sórí ẹ̀.

Mo fi fótò náà ránṣẹ́ sí Túbọ̀sún. Obìnrin Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Harriet ló gba iṣẹ́ náà níléeṣẹ́ wọn. Túbọ̀sún ní wọ́n máa ń sọ ara wọn lórúkọ òyìnbó kí ahọ́n wa lè gbé e. Fóònù ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kí mi dáadáa, ó béèrè ara ilé, ó wá ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, ọwọ́ yìí ní ìka mẹ́fà. Ẹni tó yà á ṣe àṣìṣe. A lè bá yín tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́."

Túbọ̀sún bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e. Ọ̀fẹ́ kọ́?"

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé e," mo ní. "Bó ṣe wà ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́."

Mo rò pé inúure ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó jí ọmọ gbé, tó wá rántí fún un lómi mu.

Ọjà dé. Mo sọ aṣọ náà ní Ọwọ́ Ọmọ. Kí n tó tú ìdì àkọ́kọ́ tán, wọ́n ti ń fà á lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ń wá ọmọ ń rà á, àwọn tó ti bí ń rà á. Wọ́n ní ìka kẹfà yẹn, àlékún ni. Wọ́n ń ti Pápálántò wá, wọ́n ń ti Ọ̀dẹ̀dá wá. Àwọn oníbàárà Mojí ló wá ń sọdá títì báyìí.

"Mojí," mo máa ń ké sí i, "oníbàárà rẹ ní kí n bá òun kí ẹ."

Mo fi páànù tuntun kan ilé Màámi. Mo ra bẹ́ẹ̀dì tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn máa dùn ún. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Bùsí, ọwọ́ Ọlọ́run ò ní kúrò lórí rẹ."

Mo ṣàmín. Kò mọ ọwọ́ tí a ń jẹ.

Ṣùgbọ́n àdìrẹ tirẹ̀ ò tà mọ́. Kí n má purọ́ fún yín, èmi ni mi ò pàtẹ rẹ̀ mọ́. Abẹ́ tábìlì ni mò ń kó o sí. Àwọn obìnrin tó ń já ewé ẹlú wá fún un láti Ọ̀dẹ̀dá ò wá mọ́, torí kò ní ohun tó fẹ́ fi ewé ṣe. Aró gbẹ nínú ìkòkò.

Ó bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ò sókè, "Bùsí, ṣé iṣẹ́ mi ti bàjẹ́ ni?"

Mo lè sọ pé ìlú le. Ó ti sú mi láti máa sọ ìyẹn. Mo ní, "Màámi, ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n díẹ̀ ni. Ìlà yín ò gún mọ́."

Irọ́ ni. Ọwọ́ Màámi ò gbọ̀n rí. Ó gbé e síwájú ara rẹ̀, ó ń wò ó. Láti ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé kó má lọ wá sí Ìtòkú. Bó bá ti ní orúnkún òun fúyẹ́ lónìí, òun fẹ́ wá wo ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń ní, "Wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà níwájú wa, Màámi. Ẹ máa ṣubú." Kò tíì sí ìjọba tó gbẹ́ gọ́tà tó èyí tí ẹnu mi gbẹ́ lọ́dún yẹn.

Inú agboolé ni ọ̀rọ̀ ti wá bá mi.

Ìyàwó Mùs'áb, ọmọ ilé kejì, bímọ. Ní agboolé wa, ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà ló máa kọ́kọ́ gba ọmọ mọ́ra kí àlùfáà tó pe orúkọ. Màámi ló kàn. Mo dì í lápá mú wọlé. Kó tó jókòó, mo ti yẹ aṣọ gbogbo obìnrin tó wà ńbẹ̀ wò. Ọwọ́ Ọmọ kankan ò sí. Ọkàn mi balẹ̀. Mo tiẹ̀ ń bá Mùs'áb ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá ọmọ ti sanra ju ìyá ọmọ lọ.

Wọ́n gbé ọmọ jáde. Mi ò rántí pé wọ́n máa ń fi nǹkan wé ọmọ.

Màámi gbà á, ó ń rẹ́rìn-ín. "Káàbọ̀, àlejò wa."

Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibì kan lára aṣọ náà. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń kà. Ó sún sí òmíràn, ó tún kà.

Àlùfáà ní, "Ìyá Àlímátù, a ń dúró dè yín."

"Aṣọ ta nìyí?"

Ìyàwó Mùs'áb rẹ́rìn-ín. "Ti ọmọ ni, Màámi. Ọwọ́ Ọmọ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Bùsírátù la ti rà á. Gbogbo ìlú ló ń rà á, ẹ ò mọ̀ ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Wọ́n tiẹ̀ dín owó rẹ̀ kù fún wa nítorí yín."

Màámi ò wojú mi. Ó gbé ọmọ padà sọ́wọ́ ìyá rẹ̀, jẹ́jẹ́. "Ẹ bá mi fi nǹkan mìíràn wé e."

"Ṣé ó dọ̀tí ni, Màámi?"

"Rárá. Ọwọ́ ọmọ mi ni."

Ìyá àgbà kan tó wà lára àwọn tó sọ pé kí wọ́n so òwú mọ́ ìka nígbà yẹn na ọrùn, ó wo aṣọ náà. "Àlímátù nìyẹn," ó ní. Ó wá yíjú sí mi. Ẹnìkejì rẹ̀ yíjú sí mi. Ó kan àlùfáà.

Nígbà tí à ń padà lọ sílé, Màámi ò jẹ́ kí n di apá òun mú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bùsírátù." Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Mélòó ni wọ́n tẹ̀?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

"Ẹyọ kan lèmi bí. Mo fẹ́ mọ iye tí ìwọ bí."

Mi ò mọ iye rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Ṣé ẹ máa mu omi?" Bí ẹni ń kí àwọn tó wá já iná. Mo kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde, ilẹ̀ á ba aṣọ mi jẹ́. Mo lọ sílé, mo gbé tẹ̀sùbáà, mò ń tọrọ àforíjì. Nígbà tí mo yí i wò, Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é.

Mo ránṣẹ́ sí Harriet pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ó dáhùn lọ́jọ́ náà. "Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, ọjà yìí ń tà gan-an. A ti ní oníbàárà tuntun ní Kútọnu àti ní Àkrá. Wọn ò fẹ́ ìka mẹ́fà, a ti bá wọn tún un ṣe. Ó ti di márùn-ún, ó sì ti dára sí i. A dúpẹ́ fún àwòrán yín." Ó fi òdòdó pupa kan sí ìdí rẹ̀.

Mo pe Túbọ̀sún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ò lójú ẹbí. Mojí náà ti sanwó tirẹ̀."

Kò pẹ́ tí ti Mojí dé. Owó rẹ̀ kéré sí tèmi. Àwọn oníbàárà mi ń dá aṣọ padà. "Ìyá, àṣìṣe wà lára tiyín. Ti ọ̀ọ́kán pé."

Mojí nahùn. "Bùsí, oníbàárà rẹ ní kí n bá òun kí ẹ."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ó máa ń wù mí kí n ní Ṣáínà ló jà wá lólè. Ṣáínà jókòó sílé rẹ̀ jẹ́jẹ́. Èmi ni mo gbé e lọ bá a, tí mo tún ní kó tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀kadà kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Màámi ló sọ̀ kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀.

"Wọ́n ti dí gọ́tà náà?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó sọdá sọ́dọ̀ Mojí. Mojí ò mọ̀ ọ́n rí. Mo ń gbọ́ wọn.

"Ẹ kú ọ̀sán o, Màámi. Èyí lẹ máa mú. Tọ̀dọ̀ Bùsí ọ̀hún, ìka ọwọ́ ẹ̀ ti lé. Wọ́n ti gé tèmi."

"Ta ló gé e?"

"Ẹ̀rọ ni, Màámi. Ẹ wò ó bó ṣe mọ́. Èèyàn ò lè mọ̀ pé nǹkankan wà níbẹ̀ rí."

Màámi kà á. Ó fi ọmọńdinrín tirẹ̀ pa ibi tí ìka náà ti yẹ kó wà, síwá sẹ́yìn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Mojí, ó sì sọdá padà sọ́dọ̀ mi.

"Ìgbà tó wà láyé," ó ní, "gbogbo ilé ní kí n so òwú mọ́ ọn kó já. Mi ò gbà fún wọn. Ẹ wá ní sùúrù títí ó fi kú kí ẹ tó gé e."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó dúró kí n sunkún tán, bí ẹni ń dúró de ṣéńjì.

"Ẹ wá sílé láàárọ̀ ọ̀la. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe iṣẹ́ kan."

Nígbà tí mo dé ọ̀hún, aró wà nínú ìkòkò. Ó ti fúnra rẹ̀ gún ẹlú. Àpótí páànù ṣí sílẹ̀, aṣọ Àlímátù wà lórí okùn. Ọmọbìnrin kan tó gbé korobá omi ń kọjá lọ. Ó kí Màámi, ó wo okùn.

"Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀yin náà ra Ọwọ́ Ọmọ, Màámi. Tiyín ti gbó o. Èyí tó dáa jù ú lọ ti wà níta báyìí."

"Mo ti rí i," Màámi ní.

Ó yíjú sí mi. "Ẹ rì í."

Ó pẹ́ kó tó yé mi pé kò sí ẹ̀kọ lára rẹ̀ mọ́, aró máa bo gbogbo ọwọ́ náà. "Màámi, ẹ má ṣe é. Òun nìkan ló kù."

"Kò kù. Ó wà ní Kútọnu, ó wà ní Àkrá, wọ́n fi ń wé ọmọ, wọ́n fi ń nulẹ̀. Mo fẹ́ kó wọlé."

"Ẹ rì í fúnra yín, Màámi. Mi ò lè ṣe é."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú mi. Ó ń gbọ̀n. "Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Mo mú aṣọ náà lórí okùn. Mo rì í. Bí mo ṣe fà á jáde, ó kọ́kọ́ rí bí ewé tútù, afẹ́fẹ́ wá sọ ọ́ di aró. Àwọn ọwọ́ náà ṣì wà ńbẹ̀, wọ́n kàn ti di àwọ̀ ojú sánmọ̀.

"Ó kù," Màámi ní. Ó ti pa àpótí náà dé, orí rẹ̀ ló jókòó sí.

Mo tún un rì. Àwọn ẹyẹ ti lọ. Àwọn ewé ti lọ.

"Ó kù."

Mo ń rì í, mò ń fà á jáde, omijé àti aró ò jẹ́ kí n ríran mọ́. Ọwọ́ kan wà ní etí aṣọ tó pẹ́ kó tó gbà. Èmi ni mo ń ti ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ aró, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé èyí tó kéré jù.

Mo sá aṣọ náà sórí okùn. Dúdú láti òkè dé ilẹ̀.

Màámi wò ó. "Ó ti wọlé," ó ní.

Ó wá wo èmi. "Ẹ ṣeun. Ẹ fọwọ́ kí ẹ tó máa lọ."

Mo fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ ẹlú mọ̀ pé àsán ni.

Nígbà tí mo dé Ìtòkú, oníbàárà kan dúró níwájú ọjà mi, níbi tí aṣọ oníka mẹ́fà lọ súà. Kò wo aṣọ. Ọwọ́ mi tó dúdú dé ọrùn ọwọ́ ló ń wò, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ìyá, mo ti ń wá irú yín káàkiri. Ṣé ẹ ní èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe?"

Ti Màámi ṣì wà lábẹ́ tábìlì, àmọ́ kì í ṣe tèmi láti tà mọ́. Mo ní mi ò ní in. Mo nawọ́ sí ọ̀dọ̀ Mojí fún un.